Lẹ́yìn Tí Àdúrà Ti Gbà

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin àti ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo tún un kọ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò lè wá.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé yín sílẹ̀ láti wá jókòó tì wá, mo kí yín ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìgbàgbọ́ gẹ́gẹ́ bí ìrìnàjò gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bí mo ti ń múra rẹ̀ ni ìbéèrè kan gbà mí lọ́kàn: kí ni a máa ń ṣe lẹ́yìn tí àdúrà bá ti gbà? Nígbà tí nǹkan bá le, kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ wa ní ohun tí a máa ṣe. A mọ ààwẹ̀, a mọ ìṣọ́ òru, a mọ ọ̀nà orí òkè. Ìgbà tí ara bá dẹ̀ tán ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń dúró lójú ọ̀nà láìmọ̀ pé a ti dúró.

Ìlú wa yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rí. Ẹ mọ ìtàn ogun Ìmàgbọn. Ní 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà. Kí ogun náà tó dé, àwọn baba wa ti sé ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn oníwàásù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlẹ̀kùn ṣí, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ìlú dé ìlú. Ọ̀pọ̀ ló ṣe ìrìbọmi. A kò ní purọ́ fún ara wa, àwọn kan wá nítorí ìwé kíkà, àwọn kan wá nítorí pé ohun tó wà lóde nìyẹn, àwọn kan sì wá nítorí pé Jésù pè wọ́n lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lónìí. Ẹnu ọ̀nà tí èèyàn gbà wọlé kì í fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú. Ohun tó ṣe lẹ́yìn tó wọlé ni mo máa ń bi í.

Ọdún 26 lẹ́yìn ogun yẹn, ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn ńlá tí àwọn àgbà ń pè ní lùkúlùkú jà káàkiri ayé. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tó pa kárí ayé tó 50 mílíọ̀nù. Ọkọ̀ òkun ló gbé e dé Èkó, láti Èkó ló sì ti ràn wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó jí láàárọ̀ kò mọ̀ bóyá òun máa rí alẹ́. Nínú ìpọ́njú yẹn ni Joseph Shadare, tó jẹ́ àgbà nínú ìjọ Áńgílíkà St Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, kó àwọn díẹ̀ jọ láti máa gbàdúrà. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Sophia Odunlami. Àrùn náà ti gbé òun pàápàá dè rí, Ọlọ́run sì gbé e dìde. Wọn kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, wọn kì í ṣe olówó. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n sọ ara wọn.

Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ ìtàn yìí, ibi ìwòsàn ni wọ́n sì sábà máa ń parí rẹ̀ sí. Èmi kò parí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ikú ń lé kò nílò ẹni tó máa kọ́ ọ ní àdúrà. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé lùkúlùkú lọ, wọn kò tú ká. Ọjà padà kún, àwọn èèyàn padà sí oko, ìgbéyàwó tún bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba àwọn wọ̀nyẹn ṣì ń pé jọ, wọ́n ń ka Bíbélì, wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé báwo ni Ọlọ́run ṣe fẹ́ kí àwọn gbé. Ní 1922 wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà nítorí pé wọn kò gba ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti lílo òògùn, Shadare sì fi àyè rẹ̀ nínú Sínọ́ọ̀dù, ìgbìmọ̀ àpérò ìjọ náà, sílẹ̀. Nígbà tí ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1930 nípasẹ̀ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, àwọn tó wà nínú ìdàpọ̀ tí ó ti ibi àdúrà Ìjẹ̀bú-Òde yìí dàgbà wà nídìí rẹ̀. Nínú wọn ni ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) ti wá.

Áńgílíkà ni mí, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, n kò sì bá wọn gbà lórí gbogbo nǹkan. Mo gbà pé dókítà àti òògùn wà lára oore Ọlọ́run, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó da òògùn rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń wá ẹni tó mọ̀ pé àdúrà tó gbà kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀, àwọn ni mo máa tọ́ka sí. Ìbẹ̀rù ló kó wọn jọ lóòótọ́. Nígbà tí ìbẹ̀rù lọ, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dúró.

Ẹ wá wo tiwa. Ọmọ fẹ́ lọ sí Kánádà, físà kò jáde. Gbogbo ilé gbààwẹ̀. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ gba ọjọ́ méje fún un, bàbá tí kì í wá sí ìpàdé àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé ju àlùfáà lọ. Físà jáde. Lọ́jọ́ Àìkú a jó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, a da aṣọ, a fi ìrẹsì àti ohun mímu ṣe àwọn èèyàn lálejò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àmọ́ ẹ padà lọ sí ilé kan náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ibi tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ láàárọ̀, tẹlifíṣọ̀n ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bàbá ti padà sí ìjókòó rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀. Bíbélì wà lórí tábìlì lábẹ́ ìwé ìpè ìnáwó mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó kọ Jésù sílẹ̀ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó bínú kúrò nínú ìjọ. Wọ́n kàn dúró ni. Bí ìṣòro mìíràn bá dé, wọ́n á tún gbéra.

Ìwé Kíróníkà Kejì sọ ìtàn ọba kan tó jọ wá gidigidi. Asa ni orúkọ rẹ̀, ọba Júdà ni. Nígbà tí Sera ará Etiópíà kó ogun tí kò lóǹkà tì í, pẹ̀lú 300 kẹ̀kẹ́ ogun, Asa ké pe Ọlọ́run. Ó sọ fún un pé kò sí ohun tó le fún un láti ran ẹni tí kò lágbára lọ́wọ́, òun gbẹ́kẹ̀ lé e, ní orúkọ rẹ̀ ni òun fi jáde. Àdúrà náà gbà, Sera sá. Ní ọdún 15 ìjọba rẹ̀, Asa pe gbogbo ìlú jọ sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pẹ̀lú ariwo ayọ̀ àti fèrè. Ó kó òrìṣà kúrò nílẹ̀. Ó tilẹ̀ yọ ìyá rẹ̀ àgbà kúrò nípò ayaba nítorí òrìṣà. Ta ni nínú wa ló ṣe tó bẹ́ẹ̀?

Lẹ́yìn náà, Bíbélì ní kò sí ogun mọ́ títí di ọdún 35 ìjọba rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 20 ọdún. Díẹ̀ ni a gbọ́ nípa Asa nínú 20 ọdún yẹn. Ilẹ̀ rọ̀, oúnjẹ wà, ọ̀tá kò yọ. Nígbà tó di ọdún 36, Baaṣa ọba Ísírẹ́lì wá kọ́ odi sí Rama láti dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ogun yìí kò tó ti Sera rárá. Kí ni Asa ṣe? Ó kó fàdákà àti wúrà inú tẹ́ńpìlì fún ọba Síríà kó wá gbà á. Nígbà tí Hanani aríran bá a wí, ó bínú, ó jù ú sẹ́wọ̀n. Ní ọdún 39, àrùn mú un lẹ́sẹ̀, àrùn náà le púpọ̀, síbẹ̀ kò wá Olúwa. Ọdún 41 ló kú.

Mo ti ka ìtàn yìí lọ, mo ti kà á bọ̀, ojú mi kì í kúrò lára 20 ọdún àlàáfíà yẹn. Ogun kò pa ìgbàgbọ́ Asa. Ìsinmi ló pa á. Kì í ṣe pé ìsinmi burú. Ọlọ́run ló fún un, ẹ̀bùn ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọkùnrin náà mọ bí a ti ń wá Ọlọ́run tí ilẹ̀ bá gbóná, kò sì kọ́ bí a ti ń bá a rìn tí ilẹ̀ bá tutù. Nígbà tí wàhálà kékeré padà dé, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ló ṣe. Owó ló fi jà.

Ẹ fi Dáníẹ́lì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí òfin pé ẹni tó bá gbàdúrà máa wọ ihò kìnnìún, Dáníẹ́lì wọ ilé lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ rí. Ìgbà gbogbo ni mo máa ń dúró lórí "tẹ́lẹ̀ rí" yẹn. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àdúrà nítorí kìnnìún. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí kò sí kìnnìún kankan.

Ẹnì kan lè sọ pé a kò lè máa bá a lọ báyẹn, pé ayé ti yí padà, pé ètò tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò sí nínú wa. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Ìjẹ̀bú. Ta ló mọ ètò ṣe jù wá lọ? Ojúde Ọba tó ń wáyé ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, nígbà wo ni àwọn ẹgbẹ́ ti ń yan aṣọ? Oṣù púpọ̀ ṣáájú! Régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, tí èèyàn wọ̀ ní ọ̀dọ́, òun ló máa bá dàgbà, òun ló máa sin ín. A ń fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ilé sí abúlé, ìpele kan tẹ̀ lé ìkejì. A ń dá àjọ fún ìsìnkú ìyá tó ṣì wà láàyè. Nítorí náà, ọgbọ́n àtifi orí ti nǹkan kò wọ́n wa. Ọ̀rọ̀ Olúwa nìkan la fi sílẹ̀ fún bó bá ṣe bọ́ sí.

Bẹ́ẹ̀, Jésù kò fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ fún wa. Nínú Lúùkù 9:23 ó ní ẹni tó bá fẹ́ tọ òun lẹ́yìn, kí ó sẹ́ ara rẹ̀, kí ó sì máa gbé àgbélébùú rẹ̀ lójoojúmọ́. Lójoojúmọ́ ló sọ. Ọjọ́ tí mo gba Kristi ṣe pàtàkì, n kò fojú kéré rẹ̀, ṣùgbọ́n Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e náà jẹ́ ti Kristi.

Kí n tó lọ síwájú, nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ là kedere, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ sílé. Gbogbo ìtara tí mo ń sọ yìí kò ra ìgbàlà. Jésù ti san án. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Fílípì pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ ìgbàlà wọn yọrí pẹ̀lú ìbẹ̀rù àti ìwárìrì, ó sì sọ ìdí rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: nítorí pé Ọlọ́run ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú yín. Ẹ kò níí rí ẹni tó rin ọ̀nà yìí dópin tó máa sọ pé agbára òun ni. Gbogbo wọn ló máa sọ pé wọ́n gbé àwọn rìn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ẹsẹ̀.

Ní Rẹ́mọ, ní Ògèrè, Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lú tó dá Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìran ní 1925, nígbà tó jẹ́ olùkọ́ ìjọ lábẹ́ Áńgílíkà. Ní 1930 ni ìjọ náà bẹ̀rẹ̀. Ọdún márùn-ún ló wà láàárín, ọdún ààwẹ̀, ọdún Sáàmù, ọdún tí ó ń kọ ohun tó ń gbọ́ sílẹ̀. Ẹ lè bá ìjọ náà jiyàn lórí ẹ̀kọ́ kan tàbí òmíràn. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ inú wa mú níbẹ̀ ni ọdún márùn-ún yẹn, nítorí mo rí àwọn tó lálàá lọ́jọ́ Ẹtì, tí wọ́n fẹ́ gbé pátákó ìjọ sójú títì lọ́jọ́ Àìkú. Pọ́ọ̀lù pàápàá lọ sí Arébíà, ọdún mẹ́ta kọjá kó tó gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù láti rí Pétérù.

Ní báyìí, báwo la ṣe ń mọ̀ọ́mọ̀ rin ọ̀nà náà? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Sábó ní Ṣàgámù. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ obì ni Rẹ́mọ, àti pé láti Sábó ni obì gbànja wa ti ń gba Òkè Ọya lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti jókòó ti ìyá kan tó ti pẹ́ nídìí òwò náà. Tí wọ́n bá fọ́ èso rẹ̀ tán, wọn á rẹ obì sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè bó, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á jẹ́ kí omi ro dànù lára rẹ̀, kí wọ́n tó kó o sínú agbọ̀n tí wọ́n ti fi ewé tẹ́ nínú, tí wọ́n á tún fi ewé bò. Èmi rò pé iṣẹ́ parí síbẹ̀. Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín. Ó ní níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó máa tú agbọ̀n náà, ó máa mú obì náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó máa yí i sí ìmọ́lẹ̀, ó máa fi àtàǹpàkò wá ihò wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Èyí tó bá ti ní kòkòrò, á yọ ọ́ sọ́tọ̀. Á pààrọ̀ ewé tó ti gbẹ, á tún un kó padà. Bí ọjọ́ mélòó kan bá tún lọ, á tún tú u. Mo ní, "Ìyá, ṣé kòkòrò kì í tán ni?" Wọ́n ní, "Láti oko ló ti wà nínú rẹ̀, ọmọ mi. Ojú kì í rí i lọ́jọ́ tí a bá rà á."

N kò mọ ọ̀rọ̀ tó tún ṣàlàyé ọkàn onígbàgbọ́ jù báyìí lọ. A ti fọ̀ wá, mo gbà. A ti kó wa sínú ìjọ, mo gbà. Àmọ́ owú tí mo ní sí àbúrò mi nítorí ilẹ̀ bàbá wa, ìfẹ́ owó, irọ́ kéékèèké tí ọwọ́ ti mọ́, láti oko ni wọ́n ti bá wa wá. Onísáàmù mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó fi ní kí Ọlọ́run wádìí òun, kí ó mọ ọkàn òun. Ẹ mú alẹ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹ jókòó níwájú Ọlọ́run láìbéèrè nǹkan kan. Ẹ mú ọjọ́ náà wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ta ni mo bá sọ̀rọ̀ àlùfànṣá? Ta ni mo jẹ lówó tí mo ń sá fún? Kí ni mo ṣe tí n kò fẹ́ kí ìyàwó mi mọ̀? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún un. Tó bá jẹ́ ohun tó yẹ kí ẹ lọ tún ṣe, ẹ dìde lọ tún un ṣe. Mo ti rí bàbá kan nínú ìjọ yìí tó lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọn kò ti fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó wà láàárín wa níhìn-ín, ọmọ ẹ̀gbọ́n náà sì wà níbí. Ìyẹn ju ìṣọ́ òru mẹ́wàá lọ lójú tèmi.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló máa ń sọ fún mi pé kò sí àyè. Òótọ́ ni. Ẹ dé garéèjì ní Ṣàgámù kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ máa rí wọn, wọ́n ń du ọkọ̀ Èkó nínú òkùnkùn. Wọ́n á dé padà lálẹ́ tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Arákùnrin kan nínú wọn bá mi sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nígbà wo ni mo fẹ́ gbàdúrà?" Mo bi í pé wákàtí mélòó ló ń lò nínú ọkọ̀. A jọ ṣètò rẹ̀ síbẹ̀ lórí ìdúró: láti oríta ìyípadà Ṣàgámù títí dé Mówe, kó máa gbọ́ orí kan nínú Bíbélì Yorùbá lórí fóònù rẹ̀, kó fi gbohùngbohùn sí etí kan; láti Mówe dé Bẹ́gà, kó gbàdúrà fún ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, fún ọ̀gá rẹ̀ tó le, fún awakọ̀ tó gbé e. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú wọn ní Ìbàfò, àdúrà gùn sí i nìyẹn. Ó ṣì ń ṣe é. Ó sọ fún mi pé òun kì í bá kọ̀ńdọ́ jà mọ́ nítorí ṣéńjì, pé kò bójú mu lẹ́yìn tí òun ti gbàdúrà fún ọkọ̀ náà tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ má rò pé ẹ ti gba ìsinmi lọ́wọ́ Kristi pẹ̀lú ìjọba. Kálẹ́bù jẹ́ ẹni ọdún 85 nígbà tó ní kí Jóṣúà fún òun ní òkè tí àwọn òmìrán wà. Ánà opó tó rí Jésù ọmọ ọwọ́ nínú tẹ́ńpìlì ń lọ sí ẹni ọdún 84, ààwẹ̀ àti àdúrà rẹ̀ kò dáwọ́ dúró lọ́sàn-án àti lóru. Mo mọ ìyá kan ní Ìkẹnnẹ́ tí orókùn kò jẹ́ kó lè wá sí ilé ìsìn mọ́. Ìwé àjákọ kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ tí ó kọ orúkọ ọmọ àti ọmọ-ọmọ sí, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan síwájú orúkọ: ìdánwò, oyún, ẹjọ́, ìbínú. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láago láti Ìlú Ọba, ó máa mú bírò, ó máa fagi lé èyí tó ti gbà, ó sì máa kọ ọjọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kò yọ orúkọ náà kúrò o! Orúkọ ṣì wà níbẹ̀, ohun tuntun ló máa kọ síwájú rẹ̀. Nígbà tí mo rí i, mo ní ìyá yìí ti dáhùn ìbéèrè mi kí n tó bi wọ́n.

Ó ku ibi tó le jù, n kò sì fẹ́ sáré kọjá lórí rẹ̀. Àwọn kan wà níbí tí àdúrà wọn kò tíì gbà. Wọ́n gbọ́ àkòrí mi, ó sì dùn wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń retí ọmọ láti ọdún gbọọrọ, ẹ̀yin tí ẹ gbàdúrà fún aláìsàn tó sì kú, n kò ní sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ yín ló kéré. Kò sẹ́ni tó fún mi láṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀. Onísáàmù 42 ní omijé òun ni oúnjẹ òun lọ́sàn-án àti lóru, àwọn èèyàn ń bi òun pé Ọlọ́run rẹ dà? Wọ́n fi orin yẹn sínú Bíbélì, wọn kò yọ ọ́ sọ nù. Ẹni tó ń sunkún lọ lójú ọ̀nà, ojú ọ̀nà ló ṣì wà. Tí ẹ kò bá lè gbàdúrà, ẹ wá jókòó láàárín wa, kí a máa gbà á fún yín títí ẹnu yín á fi ṣí. Iṣẹ́ ìjọ nìyẹn, ó sì dùn mí pé ìjọ ò ṣe é dáadáa. A tètè ń bi èèyàn pé ẹ̀ṣẹ̀ kí ló ṣẹ̀.

Àti ẹni tó ti dúró, tó mọ̀ pé òun ti dúró tipẹ́. Pétérù sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta nídìí iná. Nínú Jòhánù 21, iná mìíràn ni Jésù dá sí etí òkun, ó fi ẹja sí i, ó ní kí wọ́n wá jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ ló tó bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó fẹ́ràn òun. Kò ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lẹ́sẹẹsẹ. Iṣẹ́ ló fún un.

Lẹ́yìn tí a túká, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wà ní yunifásítì bá mi nídìí ọkọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Gbogbo rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ibo gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la?" Mo ní kó mú Ìhìnrere Máàkù, orí 16 péré ni, orí kan lóòjọ́. Kó yan àga kan àti àkókò kan, kó má máa yí i padà. Kó kọ ìlà kan péré sílẹ̀ nípa ohun tí Jésù ṣe nínú orí náà, kó sì gbàdúrà lórí ìlà yẹn. Ó ní, "Tí mo bá gbàgbé ọjọ́ kan ńkọ́, sà?" Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé, kó má fi orí méjì dí i, kó má sì fi ẹ̀bi ara rẹ̀ ṣòfò àkókò. Mo tún ní kó sọ fún ẹnì kan tó máa bi í léèrè. Ó ronú díẹ̀, ó ní ìyá òun àgbà ni, nítorí ìyá náà kì í gbàgbé nǹkan. Ó ti ń lọ, ó yíjú padà, ó ní, "Tí mo bá ka Máàkù tán ńkọ́, sà?" Mo ní Lúùkù ló kàn, orí 24 ni.